Àgúnmu Nọ́mbà Mẹ́rìnlá

Nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń to ẹ̀yà ara ọmọ ènìyàn, ó fún ojú ní ìpéǹpéjú tí yóò fi máa pa ara rẹ̀ dé, ó sì fi egungun yí ọpọlọ ká bí ẹni mọ odi yí ìlú ká. Ẹnu ni ó fi ṣe ẹnubodè. Oúnjẹ ń gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ ń gba ibẹ̀ jáde. Bí a bá sì ti ẹnubodè náà pa, ìlú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í pẹ́ túká. Ilẹ̀ kò ní ẹnu tirẹ̀. Ẹnu ènìyàn ni ilẹ̀ ń yá lò láti ìran dé ìran: baba á mú ọmọ lọ́wọ́, á fi ààlà hàn án, ọmọ náà á sì tọ́jú ohun tí ó rí títí di ọjọ́ tí a ó bi í léèrè. Bí ètò ayé ti rí nìyẹn, àti ní ìlú ńlá, àti ní abúlé tí kò ní ju ogójì ilé lọ. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó kù fún ilẹ̀ ìdílé Láwàl, ní ìkọjá Òkè-Aró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni ó ṣàn kí ẹnu náà tó là ní kóòtù.

Mùsáfírù Láwàl ni ó ni ẹnu náà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa tírélà kí ó tó fẹ̀yìn tì sí ilé baba rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí baba rẹ̀ mú un tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀, tí wọ́n ń gbin pèrègún sí orígun ilẹ̀ náà. Ní orígun kọ̀ọ̀kan ni baba náà gbá a létí kíkankíkan. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Baba rẹ̀ kàn fẹ́ kí ibẹ̀ máa dùn ún títí ayé ni, kí ó má baà gbàgbé. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ rìn ní ọjọ́ náà ti kú. Iná sì ti jó ìwé awọnlẹ̀ mọ́ inú ilé tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Ilé mọ́kànlélógójì ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn tí ó kọ́ wọn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Láwàl ní ogún ọdún sẹ́yìn: oníṣòwò, wẹ́dà, àti àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Èkó nítorí owó ilé, tí wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí oòrùn tó yọ. Lórí ilẹ̀ kan náà yìí ni Muqtadir, ọmọ àbúrò Mùsáfírù tí ó ti di olóògbé, tún ta odindi rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ máa yọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ibafo ni Muqtadir ń gbé. Ajagungbalẹ̀ ni, ó ní ọmọ ogun, wọ́n sì ń pè é ní Alága.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Katapílà wọn wó ògiri àgbàlá méje kí ènìyàn kan tó lè bẹ wọ́n. Olúsànyà, alága àwọn onílé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò jà rí láyé rẹ̀, na ọwọ́ di irin géètì rẹ̀ mú, ó ní àfi bí wọ́n bá gé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n gé e kúrò níbẹ̀. Ìka méjì bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn jàǹdùkú náà ṣà wọ́n, ó jù wọ́n sínú kọnkéré tí bíríkìlà ń pò lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi mọ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní Ifọ̀. Ìhà méjèèjì kó ìwé wá, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ilé náà bọ́ sí ìta ààlà tí ìdílé Láwàl tà, adájọ́ sì sọ pé ìwé náà ti pọ̀ jù, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ààlà náà ni òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dá Ọjọ́rú kan ní oṣù Òkúdù. Agbẹjọ́rò àwọn onílé bá Mùsáfírù sọ ọ́ bó ṣe rí: kò ní ṣe é kọ sílẹ̀, nítorí ìwé kò ṣe é bi léèrè, bí kò bá lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè ní ọjọ́ náà, adájọ́ yóò parí ẹjọ́ pẹ̀lú ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ilé mọ́kànlélógójì yóò sì di búlọ́ọ̀kù fífọ́.

Ẹnu náà ti bàjẹ́ ní àkókò yìí. Jẹjẹrẹ ni ó wà ní ọrùn rẹ̀, ilé ìwòsàn kan ní Èkó ni wọ́n sì ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ tí ó ń pa jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ náà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀tá àti onílé. Ó bó gbogbo inú ẹnu rẹ̀: ahọ́n là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹran ìdí eyín ń ṣẹ̀jẹ̀, ètè méjèèjì lẹ̀ mọ́ra ní òwúrọ̀ débi pé Ròkíátù, ìyàwó rẹ̀, ń fi òwú tí ó rẹ sínú omi là wọ́n. Ẹ̀kọ tí ó tutù dà bí ẹ̀gún igi tí a gbé gbà á lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò ṣe é sọ tẹ̀léra.

Ọmọ rẹ̀, Kaosarah, wà ní ìlú Nágóyà ní ilẹ̀ Jàpáànù, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó fi àpótí kékeré kan rán ẹni tí ó ń bọ̀ wálé. Àwọn àpò pélébé ni ó kún inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí àpótí náà dé, Kaosarah pe fóònù ìyá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ kàn máa gbọ́. Ìyá mi, ẹ gbé fóònù sún mọ́ etí wọn."

"Ó ti wà létí wọn," ni Ròkíátù wí. "Sọ ọ́, dátà ń jó."

"Nọ́mbà mẹ́rìnlá la máa ń pe oògùn yìí níbí, torí orúkọ ẹ̀ gùn. Ohun méje ló wà nínú ẹ̀, gbòǹgbò mẹ́fà, èso kan. Èso yẹn jọ dàbínù. Iṣu kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń yún ọ̀fun bíi kókò tútù, atalẹ̀ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ọn ló ń pa oró ẹ̀."

"Àgbo ni nígbà náà."

"Ẹ pè é ní àgúnmu, mà, ṣùgbọ́n wọn ò ní mu ún. Dókítà wọn ní Èkó ní kò gbọdọ̀ dé ikùn, kó má baà bá abẹ́rẹ́ yẹn jà. Ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó tutù díẹ̀. Kí wọ́n gbà á sẹ́nu, kí wọ́n ka ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n wá tú u dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí wọ́n tó jẹun."

"Bí èèyàn bá kí wọn ńkọ́?"

"Kí ẹni yẹn dúró. Tí wọ́n bá fi la ẹnu, gbogbo ẹ̀ á dà."

"Ní àdúgbò yìí? Wọ́n á ní bàbá ẹ ti ń gbéra ga."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n á gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ kóòtù."

Ó korò bí ewúro, adùn kan sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín dá. Ní ọjọ́ keje, ó jẹ ẹ̀kọ tán nínú abọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó pe orúkọ Ròkíátù já gaara, obìnrin náà sì jókòó sílẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ ni ó kù kí Ọjọ́rú náà pé.

Àbàwọ́n omi oògùn náà kì í kúrò lára sìmẹ́ńtì, Ròkíátù kò sì gbà kí ó máa tú u sí àgbàlá tí òun ń fọ̀. Ìdí pèrègún tí ó wà lẹ́yìn ilé ni ilẹ̀ erùpẹ̀ tí ó sún mọ́ wọn jù lọ. Ibẹ̀ ni Mùsáfírù ń rìn lọ ní àràárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń fi ìka ka iye lára tẹ̀sùbáà. Ẹni tí ó bá kí i, a gbé ìka kan sókè sí i pé kí ó ní sùúrù. A tú omi dúdú náà sí ìdí pèrègún, a sì yíjú padà, a dá a lóhùn. Òun kò mọ ohun tí ó ń fi ara rẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tí ohun méje wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó tú u sí ìdí ààlà kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ohun kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé ó ń ṣe. Àfọ̀ṣẹ ni ó tọ́ lá. Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀lé e yóò ṣẹ.

Bùrẹ́ímọ̀ ni ó rí i. Ọwọ́ ọ̀tún Muqtadir ni ọkùnrin náà, òun ni ó ṣa ìka Olúsànyà ní oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì wá ṣọ́ bí arúgbó náà yóò bá lè dé kóòtù. Ó padà sí Ibafo ní ìrọ̀lẹ́, ó bá Muqtadir níbi tí ó ti ń jẹ ìrẹsì.

"Alága, ọ̀rọ̀ bàbá yín ti kúrò ní kékeré."

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Ikú ì bá sàn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, kò dáhùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú báyìí. Ó gbé ìka sókè sí mi, ó rìn lọ sídìí pèrègún, ó tú omi dúdú síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí."

"O ò sì jí dáadáa?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú èyí nínú ìdọ̀tí wọn." Ó na àpò pélébé kan tí ó ti ṣófo sí i. "Ìkọ̀wé ara ẹ̀ kì í ṣe Lárúbáwá, kì í ṣe ti òyìnbó. Mo sì gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ń sọ fún obìnrin kan lórí ògiri pé ohun méje ló wà nínú ẹ̀."

Muqtadir fi ṣíbí sílẹ̀. Ìfúnpá wà ní apá rẹ̀ tí ó gbàgbọ́ pé àdá kò lè ré kọjá, òǹdè wà ní ìbàdí rẹ̀ nítorí ìbọn. Kò ní ohun kan tí ó lè dènà ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ jáde.

"Ta ló fún un?"

"Kaosarah ni, láti Jàpáànù."

"Àwọn tó ń ṣe mọ́tò tí kì í bàjẹ́." Ó yí àpò náà sí iwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Bí mọ́tò wọn bá lè rí báyẹn, báwo ni àṣẹ wọn á ṣe rí?"

"Èmi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, Alága."

"Èmi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kó gbogbo wọn jọ. Lọ́jọ́ Ajé, kó tó di pé ó sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́."

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì àti katapílà kan wọ àdúgbò náà. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti lọ. Àwọn obìnrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn aláìsàn ni ó wà nílé. Àwọn jàǹdùkú méjìdínlógún sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àdá, kùmọ̀ àti ìbọn àgbélẹ̀rọ. Wọn kò ké, wọn kò kọrin. Katapílà gbé ẹnu irin rẹ̀ lé ilé àkọ́kọ́, ògiri náà sì wó lu ẹ̀rọ ìránṣọ tí obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí rẹ̀. Ó wó ilé kejì, ó wó ìkẹta. Sámúẹ́lì, bíríkìlà kan tí ó ń lẹ ògiri ilé kẹrin, sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé ṣọ́bìrì dí ọ̀nà. Wọ́n fi kùmọ̀ gbá a ní orúnkún, ó kúnlẹ̀. Wọ́n gbá a ní àtàrí, egungun orí rẹ̀ sì dún bí ìkòkò tí ó bọ́ sórí òkúta. Ó ń mí fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, sìmẹ́ńtì tútù ń dì sí i lọ́wọ́, kí ó tó kú. Olúsànyà, tí kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀, fi ọwọ́ rẹ̀ kan tí ó pé fa obìnrin aránṣọ náà jáde lábẹ́ páànù tí ó wó lé e, wọ́n sì ṣá a léjìká níbi tí ó ti ń fà á. Kò dẹ́kun fífà á.

Muqtadir kò dúró níbẹ̀. Òun àti Bùrẹ́ímọ̀ àti àwọn márùn-ún mìíràn gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà. Wọ́n bá Ròkíátù ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Bùrẹ́ímọ̀ di irun rẹ̀ mú, ẹnì kejì da kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lé e lórí títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí epo náà wọ ojú rẹ̀ tí kò lè là á mọ́. Ó ké orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mùsáfírù yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Oògùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ka iye dé igba ó lé mẹ́wàá. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rí ìṣáná lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀, ó sì dúró.

Gbogbo wọn dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú náà ni wọ́n ń wò.

"Bàbá," ni Muqtadir wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ má là á. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ló wà lẹ́nu yín?"

Arúgbó náà kò mira.

"Tí kì í bá ṣe nǹkan kan, ẹ tú u dànù, ẹ wí, kí Bùrẹ́ímọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ àfọ̀ṣẹ ni, ẹ mi orí yín fún mi."

Mùsáfírù kì í ṣe ẹni tí ń parọ́. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ìdílé rẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n sì ṣe fi ààlà sí i lẹ́nu. Ó mọ̀ pé bí òun bá tú omi náà dànù tí òun sọ pé oògùn egbò ẹnu ni, iná yóò mú Ròkíátù kí gbólóhùn náà tó parí. Òórùn bẹntiróòlù náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ Bùrẹ́ímọ̀. Àwọn márùn-ún náà ti yí ẹ̀yìn padà. Ẹnì kan fi bàtà sílẹ̀, òmíràn fo ògiri tí àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ sáré tẹ̀lé wọn. Nígbà tí àwọn tí ó wà ní iwájú rí wọn tí wọ́n ń sá, àwọn náà sá, awakọ̀ katapílà sì fò sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nínú ilé kẹrin.

Muqtadir nìkan ni kò sá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń wọ́ sún mọ́ iwájú lórí àyà rẹ̀, ó ń sọ pé ọmọ wọn ni òun, pé kí wọ́n má wí nǹkan kan. Nígbà tí ó sì dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ó dìde lójijì, ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá arúgbó náà lẹ́nu. Eyín méjì yọ. Oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tú jáde pọ̀ sára ògiri. Mùsáfírù ṣubú, Muqtadir sì gun àyà rẹ̀, ó tẹ ọwọ́ bo ẹnu náà, ó ń dúró kí ohun kan ṣẹlẹ̀. Ohun kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Egbò ẹnu ni," ni Mùsáfírù wí. "Muqtadir, gbọ́. Oògùn egbò ẹnu ni. Kì í ṣe ohun mìíràn."

Muqtadir rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mi orí, Bàbá. Ẹ ò parọ́ rí. Ẹ̀rù ló ń bà yín báyìí kí n má gbà á."

"Mo parọ́."

"Níbo ló wà?"

Ó wọ inú ilé, ó tú u, ó rí àpótí náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àpò tí ó kù ni ó kó sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí ó ti ń jáde, arúgbó náà rá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tún un sọ fún un lẹ́ẹ̀kẹta pé egbò ẹnu ni. Muqtadir fi gìgísẹ̀ ta á nù ní àyà, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Muqtadir lọ sí Mowe. Ọ̀tá kan wà fún un níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ládi, ajagungbalẹ̀ bíi tirẹ̀, tí wọ́n ti ń jà lórí ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ láti ọdún méjì. Àwọn bọ́ọ̀sì tí ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Redemption Camp ń kọjá, àwọn èrò inú wọn sì rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin kan rìn bọ̀ láàrin pápá lọ́sàn-án gangan, kò mú ìbọn, kò mú àdá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n jìnnà sí i. Ó dúró ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí ibi tí Ládi wà, ó tú omi dúdú sílẹ̀, ó nu ètè.

"Ìbọn Ládi," ni ó wí, "mo ní kí o má dún."

Ládi alára kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó yí ojú ìbọn sílẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ìtìjú sì mú Ládi, ó gbé ìbọn náà sókè, ó yìn ín. Ọta já àgbọ̀n Muqtadir lọ, ó sì gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ jáde. Ó ṣì wà ní ìdúró fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Nígbà tí ó ṣubú, wọ́n fi àdá parí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn kò sì fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé ilé ìdílé. Mùsáfírù ni ó dúró ṣáájú níbi tí wọ́n ti kírun sí i lára. Ẹnu rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò fi gbọ́ kábárà tí ó ń kì.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n gbé e lọ sí Ifọ̀. Oògùn kò sí mọ́, egbò náà sì ti là padà níbi tí eyín ti yọ. Ó gbá Kùránì mú, ó búra. Akọ̀wé kóòtù ní láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún orúkọ rẹ̀ pè. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà ni ó bi í.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ Muqtadir Láwàl?"

"Ọmọ àbúrò mi ni. Àná ni mo sin ín."

"Lọ́jọ́ Ajé, ṣé ẹ sọ fún un pé àfọ̀ṣẹ ló wà lẹ́nu yín?"

Mùsáfírù mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Bùrẹ́ímọ̀ ni ó ta wọ́n lólobó, kò sì ní lè yọjú sí kóòtù láé, nítorí ẹ̀jẹ̀ Sámúẹ́lì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí òun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí yóò já òun nírọ́.

"Mi ò sọ ọ́. Mo mi orí."

"Ṣé àfọ̀ṣẹ ni?"

"Oògùn egbò ẹnu ni."

"A jẹ́ pé irọ́ lẹ pa."

Olúsànyà, tí ó jókòó pẹ̀lú ọ̀já léjìká, tẹ orí ba.

"Irọ́ ni mo pa," ni arúgbó náà wí. Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò ní igun ètè. "Mi ò fi ẹnu pa á, orí ni mo fi pa á, ṣùgbọ́n irọ́ ni."

"Ẹni tó parọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí la fẹ́ fi gbà á gbọ́ lọ́jọ́rú?"

"Wọ́n da bẹntiróòlù sí ìyàwó mi lára. Tí wọ́n bá tún dà á lónìí, mo máa tún un pa. Ẹnikẹ́ni ò da nǹkan kan sí mi lára níbí."

Adájọ́ ní kí ó sọ ààlà náà. Ó sọ ọ́ láti orígun dé orígun, ó ń dúró kí ìrora lọ sílẹ̀, akọ̀wé sì ń dúró dè é. Ó dárúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn pàdé tiwọn, ó sọ iye ẹsẹ̀ tí ó wà láti pèrègún kan dé èkejì. Nígbà tí ó dé orígun kẹta, ó ní kò dé etí odò, àádọ́jọ ẹsẹ̀ ni ó kù.

Agbẹjọ́rò náà gbé ojú sókè. "Ilé mẹ́rin ló wà láàrin ibẹ̀ àti odò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti ta ni?"

"Àkọ́kọ́ nínú wọn ni ti Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà tó jókòó yẹn. Àbúrò mi ló ta ilẹ̀ yẹn fún wọn. Kì í ṣe tiwa láti tà."

Olúsànyà dìde, ó jáde. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé àga fún ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ kọ ọ́ pé òun gba ẹ̀rí Mùsáfírù Láwàl gbọ́ pátápátá, nítorí ó jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi dè é, ó sì sọ ohun tí ó pa àwọn ènìyàn rẹ̀ lára. Ilé mẹ́tàdínlógójì dúró. Ilé mẹ́ta tí katapílà wó nínú wọn ni àwọn tí ó ni wọ́n ti tún kọ́; obìnrin aránṣọ náà ra ẹ̀rọ mìíràn. Ilé mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ odò bọ́ sọ́wọ́ ìdílé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti Láwàl pààlà níbẹ̀. Olúsànyà kó lọ sí ilé àyágbé ní Mowe pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì kí Mùsáfírù mọ́ títí ikú fi yà wọ́n. Wọ́n gbé òkú Sámúẹ́lì lọ sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú Bùrẹ́ímọ̀ ní Ibafo ní oṣù Ògún, ó wà ní àtìmọ́lé, ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Wọn kò rí Ládi mú. Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù náà ra ilẹ̀ sí ibòmíràn.

Kaosarah fi oògùn mìíràn ránṣẹ́, ẹnu Mùsáfírù sì tún jinná, ṣùgbọ́n àwọn abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà láàrin àkókò náà ti kọjá. Jẹjẹrẹ náà dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní oṣù Ràmàdánì ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sì ń jẹun títí di ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú. Ojú òsì Ròkíátù kò ríran dáadáa mọ́ nítorí bẹntiróòlù. Ó ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ifọ̀. Kaosarah wá fún ìsìnkú, ó lo ogójì ọjọ́, ó sì padà sí Nágóyà.